Láti Ẹ̀yìn Aṣọ Ìkélé: Ohun Tí Mo Gbọ́ Nínú Àwọn Sínágọ́gù Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ìjọ Júù tí ẹ wọ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹ tẹ́tí, kí ẹ gbọ́ ẹni tó ni ohùn níbẹ̀. Iṣẹ́ kíà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ní àríwá Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí mo ti tọ́jú ìyá àgbà kan tó jẹ́ Júù ní Hendon títí mo fi di ẹni inú ilé. Ẹ́jẹ́ńsì ní orúkọ tí oníbàárà bá fẹ́ ni ká máa pè é, ìyá náà sì ní kí n máa pe orúkọ òun gan-an. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó tó ìyá ìyá mi! Màmá ni mo ń pè é, nígbà tó sì yá, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ Màmá kò gbé e mọ́, àga onítáyà ni mo fi ń tì í lọ sí sínágọ́gù. Títi àga yẹn nìkan, ọ̀rọ̀ ńlá ni láàárín wọn. Òfin Ọjọ́ Ìsinmi kò gbà kí Júù gbé ẹrù tàbí kó ti nǹkan láti inú ilé bọ́ sí ìgboro, nítorí náà abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn àti arúgbó tí kò lè dìde, inú ilé ni wọ́n ń wà láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú ní Sátidé. Ní 2003 ni èyí tí wọ́n ń pè ní eruv bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Hendon, Golders Green àti agbègbè wọn: ògiri àti ọgbà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló yí àdúgbò náà po, òpó àti wáyà tín-ínrín ni wọ́n fi so ibi tó bá já, tí gbogbo rẹ̀ fi di àgbàlá kan ṣoṣo lójú òfin. Ẹ lè gba abẹ́ wáyà yẹn kọjá ní gbogbo ọjọ́ ayé yín kí ẹ má rí i. Àwọn rábì kan tó le gan-an lórí òfin kò fọwọ́ sí i títí dòní, ọmọ ọmọ Màmá kan sì wà lára àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ìdílé Màmá kò pé síbì kan. Òun fúnra rẹ̀ ń lọ sí sínágọ́gù Ọ́tódọ́ọ̀sì, ti àwọn tó di òfin àtijọ́ mú, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ti bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Reform, àwọn tó tún ìsìn ṣe kó lè bá ìgbà mu. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́yàwó láti ìdílé Sephardi, ìyẹn àwọn Júù tí ìran wọn ti Sípéènì àti Pọ́túgà wá, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lọ síbi tí àwọn àna rẹ̀ ń lọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ní tirẹ̀ gbé ẹ̀wù dúdú gígùn wọ̀, ó kó lọ sí Stamford Hill, ó di Hasid, ọ̀kan lára àwọn Júù tó le lórí òfin tí wọ́n sì ń fi ìgbóná ọkàn gbàdúrà. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ Áńgílíkà ni bàbá mi, ìwé orin àti dùùrù. Ọmọ Kérúbù ni màmá mi, agogo, ìlù àti àtẹ́wọ́. Mo mọ bí ilé kan ṣe ń pín sí méjì láàárọ̀ Sunday tí wọ́n á sì tún jọ jẹun ọ̀sán.

Ibi gbogbo tí mo bá Màmá lọ, ìsìn náà kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀. Wọ́n ń ka «Gbọ́, Ísírẹ́lì: Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni». Wọ́n ń dúró kojú sí Jerúsálẹ́mù fún àdúrà kan tí kálukú ń gbà wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ń gbé àkájọ ìwé Òfin jáde nínú àpótí, wọ́n á kà á, wọ́n á sì dá a padà. Èyí tó kù, ohùn ni.

Ìjọ ti Màmá wà lábẹ́ United Synagogue, ẹgbẹ́ tí Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin gbé kalẹ̀ ní 1870. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Nítorí àga Màmá a kì í gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn obìnrin. Apá kan nísàlẹ̀ ni wọ́n fi aṣọ ìkélé gé fún wa. Kò sí gbohùngbohùn, nítorí wọn kì í fọwọ́ kan ohun tó ń lo iná lọ́jọ́ náà. Kò sí dùùrù, kò sí ìlù. Ẹni tó ń ṣíwájú, tí wọ́n ń pè ní chazan, á fi orin gbé ìlà àkọ́kọ́ àdúrà kan sókè, á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Kálukú á wá máa kùn ún lọ bó ṣe wù ú. Eléyìí ti dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, tọ̀hún ṣì wà lókè, ẹnì kan láàárín ti pa ìwé dé, ó ń bi ẹnì kejì rẹ̀ bí Arsenal ṣe ṣe é. Tó bá yá, chazan á gbé ìlà tó gbẹ̀yìn, gbogbo wọn á sì tún bára wọn níbẹ̀. Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún bíi wákàtí mẹ́ta.

Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé wa ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ọjà ni. Àwọn ìyá yẹn lè wà nínú àdúrà kí wọ́n sì máa sọ ti fìlà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ti ọmọ ta ló yege ìdánwò, ti ẹni tó wà lọ́sibítù. Alábòójútó kan á lu tábìlì gbàgà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ariwo á rọlẹ̀, á sì tún rú. Àfi tí wọ́n bá dé orí àdúrà fún Ọba àti ìdílé rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà, ni gbogbo ilé ń dákẹ́ pátápátá. Mo bi Màmá bóyá ariwo yẹn kì í dun Ọlọ́run. Ó ní, «Ṣé o kì í sọ̀rọ̀ nílé bàbá rẹ ni?» Bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn: ilé bàbá wọn ni wọ́n wà, wọn kò wá ṣe àlejò.

Ohun kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn níbẹ̀. Kaddish ni àdúrà tí ọmọ ń gbà fún òbí tó kú, oṣù mọ́kànlá ni wọ́n sì fi ń gbà á. Kò dárúkọ ikú rárá, ìyìn Ọlọ́run ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èdè Árámáíkì sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dá a gbà. Ọkùnrin mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé. Nígbà àyájọ́ ikú ọkọ Màmá, àbẹ́là kan jó nínú gíláàsì nílé láti alẹ́ ọjọ́ kan di alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ sì kó wá sí Hendon. Ọmọkùnrin dúró láàárín àwọn ọkùnrin, ó kà á, gbogbo wọn ń dá a lóhùn. Ọmọbìnrin àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn ìkélé, ó ń kà á sẹ́nu. Ní ìjọ tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ka Kaddish bàbá rẹ̀ sókè, wọ́n sì ń ka obìnrin mọ́ ẹni mẹ́wàá. Ní Hendon, ètè nìkan ló ń mì. Màmá rí i. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé «Àmín», ó gbé tirẹ̀ sókè kọjá bó ṣe máa ń ṣe é, ó sì kọjú sí ọmọbìnrin náà.

Ìjọ ọmọbìnrin yìí ni West London Synagogue, nítòsí Marble Arch. Ní 1840 ni àwọn ìdílé kan ya kúrò lára àwọn sínágọ́gù àgbà ìlú náà láti dá a sílẹ̀, ní 1870 sì ni wọ́n ṣí ilé tí wọ́n wà di òní. Nígbà tí ọmọ ọmọ Màmá níbẹ̀ pé ọdún mẹ́tàlá, tó kàn án láti ka Òfin níwájú ìjọ, a ti lọ sùn sílé wọn láti Jímọ̀, nítorí Màmá kì í wọ mọ́tò lọ́jọ́ Ìsinmi. Rábì Hendon kò béèrè ibi tí a ń lọ, Màmá náà kò sì sọ fún un. Mo rò pé bí àwọn méjèèjì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

A wọlé, kò sí ìkélé. Tọkọtaya jókòó pọ̀. Ni dùùrù bá dún, dùùrù ńlá gan-an, ẹgbẹ́ akọrin sì gbà á láti ibi tí a kò ti lè rí wọn. Orí mi wú. Ṣọ́ọ̀ṣì bàbá mi nìyí! Gbogbo ènìyàn wà lójú ewé kan náà lásìkò kan náà, wọ́n jọ ka apá kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí Màmá tó di báàgì rẹ̀ mú láyà bí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló jókòó tì í. Ó rọra sọ fún mi pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì jókòó ti ọkùnrin nínú sínágọ́gù rí. Ohun tó mú kí ara tù mí gan-an ló ń ni òun lára: dùùrù, ìdákẹ́jẹ́, àkàjọpọ̀. «Ó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì,» ó ní, kò sì fi yìn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ dùùrù yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí nílẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí àwọn Júù kan ní Hamburg, ní Jámánì, ṣí tẹ́ńpìlì wọn ní 1818 tí wọ́n sì gbé dùùrù sí i, àwọn rábì ìlú náà kọ̀wé tako wọn, wọ́n sì gba lẹ́tà jọ lọ́wọ́ àwọn rábì káàkiri. Ìdí tí wọ́n rò ni pé tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnì kan lè tún un ṣe, iṣẹ́ sì nìyẹn. Pé láti ìgbà tí wọ́n ti wó Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù, ọ̀fọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lo ohun èlò orin. Pé àṣà Krìstẹ́nì ni. Àwọn Reform ní orin wà nínú Tẹ́ńpìlì kí wọ́n tó wó o, Sáàmù fúnra rẹ̀ ló ní ká fi háàpù yìn ín. Èyí tó wù yín, ẹ mú. Èmi rí i pé àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí Tẹ́ńpìlì kan náà.

Ọmọ náà dìde, wáyà wà ní eyín rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n fún un ní ọ̀pá fàdákà kékeré kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ tó na ìka, nítorí wọn kì í fi ọwọ́ lásán kan awọ tí wọ́n kọ Òfin sí. Kò sí àmì fáwẹ̀lì nínú àkájọ yẹn, kò sí àmì orin. Ó ti kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí ṣáájú. Obìnrin ni rábì tó dúró tì í. Lójú èmi tí mo ti rí Ìyá Aládùúrà, kò tuntun. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Júù, 1935 ni wọ́n tó fi oyè rábì jẹ obìnrin kan ní Jámánì, Regina Jonas, tí àwọn Násì pa ní Auschwitz. Ní Bìrìtéènì, ó di 1975 kí Jackie Tabick tó jẹ ẹ́. Bí ọmọ náà ṣe ń kà, mo rí i tí ẹnu Màmá ń mì. Ó mọ apá yẹn lórí. Ó tẹ̀ lé ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, nígbà tí ọmọ náà sì ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan gbé, Màmá tún un ṣe fún un láti orí àga, sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Hendon. Gbogbo ilé dákẹ́ wò wá. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún un kà.

(Àwọn kan wà láàárín, Masorti, tí wọ́n di òfin mú ṣùgbọ́n tí wọ́n gbà pé ìwé mímọ́ ní ìtàn bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Louis Jacobs ni rábì tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. 1964 ni wọ́n dá New London Synagogue sílẹ̀ fún un. Aládùúgbò Màmá kan ń lọ síbẹ̀. Màmá ní òun kò lè ya ìsìn wọn sọ́tọ̀ sí ti òun, àfi pé ó ń parí lásìkò.)

Ọ̀dọ̀ àwọn Sephardi ni mo ti rí ọ̀nà kẹta. Lọ́jọ́ Sunday kan, ọmọ ọmọ Màmá gbéyàwó ní Bevis Marks, láàárín ìlú, sínágọ́gù tí wọ́n ṣí ní 1701 tí wọn kò sì tíì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ di òní. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lé gbogbo Júù kúrò ní 1290. Ní 1656, nígbà tí Cromwell ń ṣe olórí ilẹ̀ náà láìsí ọba, ni wọ́n tún fi ojú hàn. Àwọn tó kọ́kọ́ padà ni àwọn tí ìran wọn sá ní Sípéènì àti Pọ́túgà, tí wọ́n ti fipá sọ di Kátólíìkì, tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀sìn wọn ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn fìtílà idẹ ńláńlá rọ̀ láti òkè, àbẹ́là gidi ló ń jó nínú wọn. Mo ń ka orúkọ àwọn àgbà ìjọ náà: Mendes, Da Costa, Pereira. Mo ní, ṣé Pópó Àgùdà l'Ékòó nibí ni? Ìlú kan náà ni orúkọ wọ̀nyẹn ti wá lóòótọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà ló yàtọ̀: àwọn kan gba Amsterdam wá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn kan gba Bàhíà lẹ́yìn ẹrú wá sí Èkó.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo tó gbọ́ ìsìn wọn fúnra rẹ̀, ní Lauderdale Road ní Maida Vale, níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn láti 1896. Níbẹ̀, aṣíwájú kì í gbé ìlà àkọ́kọ́ kó fi èyí tó kù sílẹ̀ fún kálukú. Gbogbo rẹ̀ ló ń kà sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjọ sì ń bá a lọ ní ohùn kan. Kò sẹ́ni tó ń sáré ju ẹnì kan lọ. Kí wọ́n tó ka Òfin ni wọ́n ti gbé àkájọ náà sókè tí wọ́n fi han gbogbo ènìyàn. Ní Hendon, lẹ́yìn kíkà ni. Shabbat ni wọ́n ń pe Ọjọ́ Ìsinmi, Màmá ń pè é ní Shabbos. Ara Màmá balẹ̀ nípa òfin: ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, kò sí dùùrù. Orin ló bí i nínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin kan tó ti ń kọ láti kékeré, ohùn rẹ̀ sì gba ibòmíràn lọ. Ó dákẹ́, ó ṣu ẹnu jọ. Nígbà tí a dé ibi oúnjẹ tí wọ́n gbé ẹyin tí wọ́n fi òru sè títí èèpo rẹ̀ fi pọ́n kalẹ̀, ó ní ẹyin yẹn dára, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ orin. Àna rẹ̀ obìnrin fèsì pé ó ti ju 300 ọdún lọ tí àwọn ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kí àwọn ti Màmá tó ti Pólándì dé.

Kò sí ibi tí mo ti rí ìyàtọ̀ orin tó ti alẹ́ Jímọ̀. Orin kan wà, Lekha Dodi, tí Shlomo Alkabetz kọ ní Safed, ìlú kan ní Gálílì, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí wọ́n fi ń kí Ọjọ́ Ìsinmi káàbọ̀ bí ìyàwó. Wọ́n á kọ ọ́ títí kan ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, wọ́n á wá yí padà, wọ́n á kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ní Hendon, chazan ń gbé e, àwọn ọkùnrin ń gbè é; ẹ̀yìn ìkélé ń ṣófo, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ nílé. Nítòsí Marble Arch, dùùrù àti akọrin ló ni ín. Ní Stamford Hill, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n yí ohùn orin padà láàárín, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Stamford Hill gan-an ló rán mi létí ọ̀dọ̀ màmá mi. Ọmọ ọmọ Màmá ní ọmọkùnrin tó pé ọdún mẹ́tàlá, a sì lọ lo Ọjọ́ Ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti ya gbogbo tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sán Jímọ̀, wọ́n tò ó sínú páálí, nítorí yíya nǹkan, iṣẹ́ ni. Kò fara mọ́ eruv, nítorí náà kò lè ti ìyá ìyá rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bẹ̀ mí pé kí n tì í. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú fìlà onírun ńlá rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ní, «Sínágọ́gù kò jìnnà.» Mo ti àga jáde.

Yàrá lásán ni wọ́n ń pè ní shtiebel, bẹ́ǹṣì àti tábìlì, ìwé kún ara ògiri. Obìnrin wà ní yàrá ẹ̀yìn, ihò kékeré kan tí wọ́n fi igi dí lójú ni a fi ń wo àwọn ọkùnrin. Wọ́n ń jù síwá, wọ́n ń jù sẹ́yìn, ẹnì kan ké, ẹnì kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ti parí, àwọn kan kò tíì bẹ̀rẹ̀. Orin wọn kan kò ní ọ̀rọ̀ nínú rárá, ohùn lásán. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Baal Shem Tov, ẹni tí àwọn Hasid ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ tó di Ukraine lónìí, ti ń kọ́ni pé ayọ̀ àti ìgbóná ọkàn ẹni tí kò kàwé lè dé ibi tí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé kò dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ bàtà mi sílẹ̀. Gèlè mi sì gbayì níbẹ̀! Àwọn ìyàwó ilé yẹn, irun àtọwọ́dá ni wọ́n fi ń bo irun wọn. Obìnrin kan fọwọ́ kan gèlè, ó béèrè bí mo ṣe ń dì í tí kì í fi tú. Màmá ní tirẹ̀ jókòó, ó ń ka Sáàmù. Mo bi í bóyá ibí ló tù ú lára jù. Ó ní ó gbóná jù, ó sì jìnnà sí ilé.

Ọjọ́ tí a lọ sí itẹ́ òkú Hoop Lane, ní Golders Green, ni mo tó rí i pé wọn kò fi ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ibojì. Ìjọ Reform ti ọmọbìnrin àti ìjọ Sephardi ti ọmọkùnrin ló jọ ni itẹ́ òkú náà, ọ̀nà kan ló pín in. Lápá kan, òkúta dúró lóòró. Lápá kejì, gbogbo rẹ̀ ló sùn gbalaja lórí ilẹ̀, àṣà àwọn Sephardi. Àwọn ọmọ méjèèjì ti ní àyè tiwọn, ẹ̀gbọ́n lápá òsì, àbúrò lápá ọ̀tún, wọ́n sì ń fẹ́ mọ èyí tí Màmá máa yàn, kí ó lè sún mọ́ ẹnì kan nínú wọn. Màmá ní Bushey ni òun ń lọ, lọ́dọ̀ ọkọ òun, ní itẹ́ òkú United Synagogue. Láti ìgbà tí òun ti lọ́kọ ni òun ti ń san owó ìsìnkú pọ̀ mọ́ owó ìjọ, òun kò sì ní fi owó yẹn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ wá kí òun, kó wọ mọ́tò. «Kì í sá ṣe Sátidé,» ó fi kún un, ó wo ọmọbìnrin rẹ̀.